Báàsì Tí Adájọ́ Gbà Lọ́wọ́ Wa

Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ akọrin wa máa ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Abẹ́òkúta ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Ìbarà, ó sì tún ní òmíràn ní Ọ̀bà. N kò ní sọ èyí tí à ń lọ nínú méjèèjì, nítorí pé àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn kò fún mi láṣẹ láti tọ́ka sí wọn, àwọn ẹbí wọn sì ń gbé ìlú yìí pẹ̀lú wa. Tísà èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ohùn ténọ̀ ni mo sì ń kọ nínú ìjọ wa láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ó di ọdún kẹfà báyìí tí mo ti ń bá wọn lọ. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rí nípa orin níbẹ̀ sílẹ̀, pàápàá fún àwọn ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n sì rò, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti rò, pé ẹlẹ́wọ̀n jókòó sínú ọgbà, ó ń retí ẹni tí yóò gbé orin wá fún òun.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, ojú tì wá. A ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dánrawò orin olóhùn mẹ́rin kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a wọ aṣọ akọrin funfun lé aṣọ dúdú, a sì gbé dùùrù oníná dání. Nígbà tí a dé géètì, wọ́dà tí ó wà níbẹ̀ wo ìwé àṣẹ wa, ó ní a kò kọ dùùrù sínú rẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. A kọ ọ́ pé ènìyàn 14 ni wá, a ka iye Bíbélì àti iye páálí ọṣẹ, a wá gbàgbé ohun èlò orin, bẹ́ẹ̀ orin ni a bá lọ. Ó tó wákàtí kan kí ọ̀gá tí ó lè fọwọ́ sí i tó dé. Nígbà tí a ó fi wọlé, wọ́n ti gba fóònù gbogbo wa, wọ́n ti yí dùùrù náà sókè sódò, wọ́n ti tú okùn iná rẹ̀ wò, àsìkò tí ó kù fún wa kò sì tó 40 ìṣẹ́jú. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fura sí dùùrù.

A tò bí a ti ń tò nínú ìjọ, sòpránò lọ́wọ́ òsì, báàsì, àwọn olóhùn ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, a sì kọ orin wa. A kọ ọ́ dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ara wa. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú wa fi irú sùúrù tí ènìyàn fi ń gbọ́ àlejò tí kò gbọ́ èdè ilé gbọ́ wa. Ẹnì kan ń tòògbé. Nígbà tí a parí, wọ́n pàtẹ́wọ́, ilé sì pa rọ́rọ́. Kí olùdarí wa tó ṣí ìwé sí orin tí ó kàn, ohùn kan gbéra láti ẹ̀yìn pátápátá, ohùn ọkùnrin tí ó ti gbó díẹ̀, ó dá orin ìyìn kan tí kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí kò mọ̀ ọ́n. Kò tíì lé e parí tí gbogbo ilé fi dìde. Garawa tí wọ́n fi ń pọn omi di ìlù, ṣíbí àti abọ́ irin di agogo, ẹnì kan sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan tí ǹ bá bura pé gángan ni bí n kò bá fojú rí i. Àwa tí a wọ funfun dúró bí ère. Ẹni tí ń tẹ dùùrù wa wá ohùn wọn kiri lórí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò rí i, nítorí pé àárín kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n ti dá orin náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ ọ́ dé òpin láìyẹ̀. Níkẹyìn ó pa dùùrù, òun náà sì ń pàtẹ́wọ́.

Ọkùnrin tí ó dá orin náà ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Akọrin. Ọjọ́ náà ni a tó mọ̀ pé ìjọ kan wà nínú ọgbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ń darí lábẹ́ ojú ṣápíléènì, àlùfáà ọgbà náà, pé ó ní oníwàásù tirẹ̀, ó ní akọ̀wé, ó ní àwọn tí ń gbálẹ̀, ó sì ní ẹgbẹ́ akọrin tí ó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó wọ ẹgbẹ́ tiwa. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa ṣáájú, a kò sì béèrè.

Nígbà tí mo délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo tún Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16 kà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ìtàn Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní Fílípì ṣe ìwàásù fún ara wa nípa agbára ìyìn, ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde sí mi lọ́jọ́ náà ni pé àwọn méjèèjì kì í ṣe àlejò. A ti nà wọ́n, a ti kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ọ̀gànjọ́ òru ni, ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń kọrin, Bíbélì sì sọ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ìyókù ń gbọ́. Ẹgbẹ́ akọrin láti àárín ìlú kò sí nínú ìtàn náà rárá. Bí a bá ń wá ẹni tí ó jọ wá nínú ìtàn, àfi kí a bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Keje ọdún 1738, nígbà tí Charles Wesley, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ọ̀pọ̀ orin ìyìn, ń lọ sí ẹ̀wọ̀n Newgate lójoojúmọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí a dájọ́ ikú fún. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ó bá wọn dé ìdí igi ìsokọ́ ní Tyburn, ó sì bá wọn kọrin níbẹ̀. Mo kíyè sí i pé ó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ bá wọn jókòó kí ó tó di ọjọ́ orin yẹn. Àwa gbé dùùrù lọ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí wọn.

Láti ìgbà náà ni a ti yí ètò wa padà. Ọ̀gá Akọrin ni ó ń yan ìdajì nínú orin, òun ni ó sì ń dá a. Tiwa ni láti gbè. Ẹni tí ó bá mọ orin Yorùbá mọ̀ pé ègbè kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Olùlé lè yí ọ̀rọ̀ padà bí ẹ̀mí bá ti gbé e, ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́gbè bá gbàgbé ibi tí ó yẹ kí ó ti gbà á, orin á já. Àwọn akọrin wa tí wọ́n ti fi ọdún pípẹ́ kọrin láti inú ìwé ni ó ṣòro fún jù. Sòpránò wa kan sọ fún mi nínú ọkọ̀ bí a ti ń padà gba Pánṣẹ́kẹ́ pé òun kò tíì kọrin rí tí òun kò mọ ìlà tí ó kàn.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ohùn, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Láti ọdún 1846 tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) ti fìdí kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni a ti ń fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí a sì ń jìyà rẹ̀. Èdè wa kì í ṣe ẹṣin tí ohùn àjèjì kàn lè gùn láìbéèrè. Bí orin bá sọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, ọkọ́ tí a fi ń roko á di ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ẹni tí ó ti mọ orin náà láti kékeré á fi ọkàn tún un ṣe, àlejò á sì máa ronú ohun tí ọkọ̀ wá ṣe nínú oko. Ọmọ Ẹ̀gbá kan pẹ̀lú wà lára àwọn tí wọ́n wá ojútùú sí i: àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí a bí ní 1855 tí ó sì kú ní 1930, a máa fi ohùn ilé wa kọ orin ìyìn, ó sì lọ gba orin tí ó lé ní 40 sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wà nínú ọgbà kò bá ìwé orin dàgbà. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí tí wọ́n ń jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti gbọ́ ìlù, a kì í sì í lé wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í dọdẹ wọn. Irú àwọn wọ̀nyí kò ní ìrántí tí wọn ó fi tún orin àṣìpè ṣe. Ohun tí orin bá pè ni wọ́n ń gbọ́. Nítorí náà orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu ni ó ń tètè wọ̀ wọ́n lára, kì í ṣe nítorí pé ó rọrùn, ṣùgbọ́n nítorí pé ó yé wọn.

Àwọn orin kan sì wà tí a ń fi sílẹ̀ ní géètì pẹ̀lú fóònù wa. Àkọ́kọ́ ni orin tí ń ní kí ọ̀tá kú. Nínú ọgbà, ọ̀tá ní orúkọ àti ojú: ẹlẹ́rìí tí ó jẹ́rìí lòdì sí èèyàn ní kóòtù ni, ọlọ́pàá tí ó mú un ni, ẹni tí wọ́n jọ ń sùn sórí ilẹ̀ kan náà ni. Àwọn kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ nítorí pé ọ̀tá kú. Èkejì ni orin ọpẹ́ tí ń ka ibi tí Ọlọ́run kò jẹ́ kí a dé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ wa ni ó ṣe àṣìṣe yìí láìmọ̀. Ó dá orin, ó ń ka ibi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúpẹ́ pé òun kò sí ní ilé ìwòsàn, ó dúpẹ́ pé òun kò sí ní mọ́ṣúárì, ó ti la ẹnu sí ibi tí ó kàn kí ó tó rántí ibi tí ó dúró sí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Gbogbo wa tẹ orí ba. Ọmọkùnrin kan láti ìlà kejì sì bá a parí rẹ̀ ní ohùn rara: "Ẹ̀wọ̀n! Màmá, ẹ pè é, a ti mọ ibi tí a wà." Ẹ̀rín bú sílẹ̀, wọ́dà náà rẹ́rìn-ín, màmá wa sì fi ìbòrí rẹ̀ bojú.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù láti fi sílẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn àlejò fẹ́ràn jù: orin tí ń ṣèlérí pé ilẹ̀kùn yóò ṣí lọ́sẹ̀ yìí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà ni kò tíì gba ìdájọ́ kankan. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nínú bláàkì máríà, ọkọ̀ tí ń gbé ẹlẹ́wọ̀n lọ sí kóòtù, adájọ́ sì ń sún ẹjọ́ wọn síwájú. Bí o bá fi orin ṣèlérí ọjọ́ Ẹtì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Ẹtì yóò dé, ìwọ yóò wà ní Kútọ̀ tí ò ń ra nǹkan ọbẹ̀, òun yóò wà níbi tí ó wà. Ní Abẹ́òkúta, kì í pẹ́ tí ẹnì kan fi máa dárúkọ Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n láti 1995 títí di 1998, tí ó sì di ààrẹ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn fẹ́ràn láti fi í ṣe àwàdà, wọ́n á ní, "Tísà, ẹ má fojú kéré wa o, inú ilé yìí ni ààrẹ ti ń jáde." Bí ó bá ti ẹnu wọn jáde, ẹ̀rín ni. Bí ó bá ti ẹnu oníwàásù àlejò jáde, ó dùn mọ́ni létí lọ́jọ́ náà, ó sì ń korò fún ìyókù oṣù.

Ìjíròrò tí ó dùn jù tí mo gbọ́ nípa Pọ́ọ̀lù àti Sílà, inú ọgbà ni mo ti gbọ́ ọ. A ka orí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun kò gbà pé ilẹ̀kùn ṣí tí ẹnikẹ́ni kò sá. Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ èmi ni Pọ́ọ̀lù ni, Kòbápè ni ẹ ó ti máa gbọ́ orin mi." Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Akọrin, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí kò bá ti jẹ mọ́ orin, ní kí ó ka ẹsẹ 33. Ọmọ náà wá a, ó kà á: onítúbú mú wọn ní wákàtí náà ní òru, ó sì wẹ ọgbẹ́ wọn. Ọ̀gá Akọrin bi í léèrè pé, "Ní Kòbápè tí ò ń sá lọ yẹn, ta ni ó ń dúró dè ọ́ níbẹ̀ tí yóò bá ọ wẹ ẹ̀yìn?" Ilé dákẹ́. Wọ́dà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbé ojú kúrò lára wa, ó ń wo ìta.

Ọmọ tí ó ní òun yóò sá náà ni báàsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jìn bí kànga, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé kà nígbà tí ó dé inú ẹgbẹ́. Ẹlòmíràn ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ orin sí i létí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní dò, re, mí, kí wọ́n lè máa ka ohùn fúnra wọn láàárín oṣù tí a kò bá sí níbẹ̀, mo rò pé yóò sá fún un. Ó ṣẹlẹ̀ pé òun ni ó yára jù. Etí rẹ̀ ti mọ ohun gbogbo tẹ́lẹ̀; orúkọ ni kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó, mo sì sọ fún wọn pé dò, re, mí tí a fi ń kọrin yìí náà ni a fi ń sọ̀rọ̀, pé bàtà jẹ́ dò dò, ilé jẹ́ re mí, ọkọ̀ jẹ́ re dò. Wọ́n ń pè é, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wá orúkọ oúnjẹ. Òun bi mí pé kí ni ìyá. Mo ní kí ó pè é fúnra rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní, "Dò mí." Mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀, mo fi àmì sí i. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọ́ kún pátákó náà títí wọ́dà fi ní àsìkò ti tó.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ó kọ lẹ́tà ìlà mẹ́rin sí ìyá rẹ̀ tí ń ta láfún. Ó fún mi kà kí ó tó fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Lẹ́tà ìlà mẹ́rin náà kún fún àṣìkọ álífábẹ́ẹ̀tì. N kò rí àmì ohùn kan ṣoṣo tí ó ṣì í. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ní ìwé, tí wọ́n ní fóònù, tí wọ́n ní òbí tí ń sanwó ẹ̀kọ́ àfikún, ń kọ Yorùbá bí ẹni tí eṣú jẹ àmì orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Mo fẹ́ mú lẹ́tà náà lọ fi hàn wọ́n. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe tèmi, àti nítorí pé a kì í gba ìwé kankan jáde láti ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ yìí: lẹ́tà kò gbọdọ̀ bá yín jáde, owó kò gbọdọ̀ bá yín wọlé, bí ìtàn tí wọ́n sọ fún yín ti wù kí ó ṣeni láàánú tó, ẹ má sì ṣe béèrè ohun tí ó gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀. Ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ìwé àjákọ ni ẹ fi kún ìwé àṣẹ yín. Ẹ kọ ohun èlò orin sí i pẹ̀lú, títí dé ọ̀pá ìlù.

Lọ́dún tó kọjá, a dé ọgbà ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì, a sì tò. Ìlà báàsì ṣófo lápá kan. Mo wo Ọ̀gá Akọrin. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n jà lólè, ó ní, "Tísà, adájọ́ ti gba báàsì wa." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni bláàkì máríà gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti lọ sílé. Gbogbo ilé hó yèè, bí ẹni pé wọn kò tíì hó nítorí ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A kọ orin ọpẹ́ fún un láìsí báàsì, ó sì rí bí ìlù tí kò ní ìyá ìlù.

Ọ̀gá Akọrin fúnra rẹ̀ kì í lọ sí kóòtù mọ́. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí òfin ọdún 2019 tó yí orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sí ti àtúnṣe ìwà, àtúnṣe orúkọ náà kò sì kan ọdún rẹ̀. Báàsì mẹ́rin ni ó ti kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì ti lọ. Ní oṣù tó kọjá, mo bá a níbi tí ó ti ń kọ́ ìkarùn-ún, bàbá kan láti ẹkùn Yewa tí ohùn rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí yóò dúró. Ó ní kí n bá òun wá ìwé orin tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, nítorí pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí bóyá ọmọ yẹn ń kọrin níta.

Mo sọ fún un pé ó ń kọrin. Ó wá sí ìdánrawò wa ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ó jókòó sẹ́yìn, àwa tí a ń lọ sí ọgbà nìkan ni a mọ ibi tí a ti pàdé, a kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, ó ti wà ní ìlà báàsì wa.

Ọ̀gá Akọrin mi orí. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un kí ó má máa sáré ní ìlà kẹta. Ó máa ń sáré níbẹ̀." Ó sì kọjú sí bàbá Yewa náà, ó ní kí ó tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀.